Ọ̀rá Kì Í Jẹrà Bí Ewé

Ewé ni àwọn ìyá wa ní Ìwó fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, tí a da ewé nù, ewé á jẹrà, á di ilẹ̀. Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbé wọn lọ sínú gọ́tà. Gọ́tà á dí, omi á sì wọlé bá wa.

Kí ni àwọn ìlú mìíràn ṣe sí i? Ní ọdún 2008, ìjọba Rùwáńdà fi òfin de àpò ọ̀rá. Kẹ́ńyà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ẹni tí ó bá ń tà á níbẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 4. Ọgbọ́n ti Jámánì yàtọ̀. Láti 2003, ẹni tí ó bá ra omi inú ike á fi owó díẹ̀ dógò. Bí ó bá dá ike náà padà, á gba owó rẹ̀. Ta ni yóò sọ owó nù sí títì?

Ní Èkó pẹ̀lú, òfin ti de àwọn ike àlòsọnù kan láti oṣù Keje ọdún 2025.

Àwa ńkọ́? Ewé kò tíì tán ní Ìwó. Ẹ jẹ́ kí á mú agbọ̀n lọ sọ́jà. Ẹ má sì da ọ̀rá sí gọ́tà, nítorí ilé ẹni ni omi ń wọ̀.