Àbúrò Mi Fẹ́ Kúrò Lórí WhatsApp

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Dublin pè mí, ó ní òun fẹ́ yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù òun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kókó kan ló jáde sí i ní ọyàn, wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní kò wu òun kí ilé-iṣẹ́ tó ń jẹun nídìí ìpolówó ọjà mọ ẹni tí òun ń kọ̀wé sí lóru àti iye ìgbà tí òun ń kọ ọ́.

"Signal ni mo fẹ́ máa lò, ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ Màmá ńkọ́?"

Ìbàdàn ni Màmá wa wà, WhatsApp nìkan ló sì mọ̀. Ó pẹ́ kí a tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́; ta ni yóò tún jókòó kọ́ ọ ní òmíràn? Ọ̀pọ̀ wa ló wà nínú irú ìdè yìí. Kì í ṣe pé áàpù náà dùn mọ́ wa jù, àwọn ènìyàn wa ló wà nínú rẹ̀.

Òfin kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ṣe láti tú ìdè náà. Digital Markets Act ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2022 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n ka WhatsApp àti Messenger mọ́ àwọn adènà ọjà. Láti oṣù Kẹta 2024 ni ó ti di dandan fún Meta, tó ni àwọn méjèèjì, láti ṣílẹ̀kùn fún áàpù mìíràn tó bá béèrè, kí ẹni tó wà lórí áàpù yẹn lè kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí WhatsApp. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Meta kéde pé BirdyChat àti Haiket ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Ẹ lè ní kí ló ṣòro níbẹ̀. Ṣebí ẹni tó ń lo MTN ń pe ẹni tó ń lo Glo lójoojúmọ́? Ìpàrokò ló mú un ṣòro. Àwọn baba wa mọ àrokò: ìránṣẹ́ a gbé e kọjá odò àti igbó, láì mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp ti ń ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti oṣù Kẹrin 2016, pẹ̀lú ìlànà tí àwọn tó ṣe Signal gbé kalẹ̀. Fóònù mi a pa ọ̀rọ̀ ní àrokò, fóònù àbúrò mi nìkan ni yóò sì tú u. Meta ní kí àlejò tó bá fẹ́ wọlé lo ìlànà yìí kan náà, tàbí èyí tó lágbára tó o. Lójú ọ̀nà, nígbà náà, kò séwu.

Inú ilé ni ewu wà. Bí wọ́n bá ti tú àrokò náà lórí áàpù tí ẹlòmíràn ṣe, ẹni náà ló mọ ohun tí yóò fi ṣe: ó lè pa á mọ́, ó lè dà á kọ. Meta fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí áàpù mìíràn bá ṣe sí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn àpò ìwé: ta ló kọ ọ́, sí ta ni, nígbà wo. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ló ń rí i. Nísinsìnyí, méjì lè rí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé o kọ̀wé sí ilé ìwòsàn alárùn jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò nílò láti ka lẹ́tà rẹ. Mélòó sì ni àwa tí oníjìbìtì ti gba WhatsApp ẹbí wa, tó ń fi orúkọ wọn tọrọ owó? Bí orúkọ bá wá ń ti áàpù mìíràn wọlé, ta ni yóò jẹ́rìí pé ẹni náà ni?

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni Signal fi kọ̀ láti bá WhatsApp pa ìlẹ̀kùn pọ̀. Threema ti Switzerland náà kọ̀. N kò lè bá Signal wí. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹnì kan tó ń lò ó wá. Ọjọ́ tí ẹni náà forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí kó sílẹ̀.

Báyìí ni ìlẹ̀kùn ṣe ṣí, tí áàpù tí àbúrò mi gbẹ́kẹ̀ lé kò sì gba ibẹ̀ wọlé. Kódà bí ó bá wọlé, Yúróòpù ni òfin náà mọ. Kò dé orí fóònù Màmá ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pa. Àlejò kò lè dédé wọlé tọ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, àfi bí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ gbà á láyè. Ìyẹn tọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa gba ibẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ọyàn kọ́.

Ní ìgbẹ̀yìn, a kò yọ WhatsApp. Mo gba Signal sórí fóònù tèmi, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn sì kó lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà 60 kan wà tí Signal ń fi hàn fún ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí àjèjì láàárín wọn. Àbúrò mi ń kà á sí mi létí, mo ń fi ìka tọ tèmi. A ti ka bí ìdajì rẹ̀ nígbà tí ohùn Màmá wọlé sórí WhatsApp rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá ó ti jẹun.