Òkú Tó Pe Apànìyàn Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Ẹ fà mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ìgbà tí ẹranko ń fọhùn. Ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ, adájọ́ jókòó lé e lórí. Àgbègbè Greenbrier, láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1897. Ìyá kan tí kò ṣe ọlọ́pàá rí ló tọpa apànìyàn títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Mary Jane Heaster lorúkọ ìyá náà. Zona lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1896, alágbẹ̀dẹ kan wáṣẹ́ dé àdúgbò wọn, Trout Shue ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Edward. Zona rí i, ọkàn rẹ̀ fà sí i, kò pẹ́ wọ́n fẹ́ra. Ara ìyá kọ ọkùnrin náà. Kò lè tọ́ka sí ohun kan pàtó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò yọ́ sí i. Ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ọmọ ti yan ẹni tó wù ú.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1897, Shue rán ọmọdékùnrin kan sí ilé rẹ̀ pé kó lọ bi ìyàwó òun bóyá ó fẹ́ kí wọ́n bá a ra nǹkan. Ọmọ yìí wọlé, ó bá Zona nílẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti kú. Ó fi igbe ta. Nígbà tí dókítà George Knapp yóò fi dé, Shue ti gbé òkú lọ sókè, ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti múra fún un.

Ẹ bá mi dúró níbẹ̀ ná. Láyé ìgbà náà lọ́dọ̀ wọn, àwọn obìnrin àdúgbò ló ń tọ́jú òkú obìnrin. Ta ló bẹ ọkọ níṣẹ́? Aṣọ tó sì wọ̀ fún un ga lọ́rùn, kọ́là rẹ̀ le, ó tún fi ìbòjú bo ojú rẹ̀. Nígbà tí dókítà fẹ́ yẹ ọrùn yẹn wò, Shue tó gbá orí òkú mọ́ra tó ń sunkún bá fara ya. Dókítà kó àpò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídákú ló pa á. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀ràn oyún ni. Ó dùn mí pé ẹni tó yẹ kó wo nǹkan dáadáa ni ìbínú ọkùnrin kan lé lọ.

Níbi ìsìnkú, Shue kò kúrò níbi orí pósí. Ó fi ìrọ̀rí ti orí òkú lápá kan, ó ká aṣọ ti apá kejì, ó wé ìborùn ńlá mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní èyí tí Zona fẹ́ràn jù nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé pósí, àwọn èèyàn rí i pé orí yẹn kò dúró lójú kan. Mary Jane wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló fi ojú inú kó jọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú aṣọ funfun kan tí wọ́n tẹ́ sínú pósí lọ sílé. Wọ́n ní nígbà tó fọ̀ ọ́, omi pọ́n, àbàwọ́n náà kò sì ṣí mọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lálaalẹ́ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ òun wá sọ ohun tó pa á. Ọmọ wá. Òru mẹ́rin ni Zona fi wá. Kì í ṣe akúdàáyà o. Akúdàáyà a máa jẹun, a máa nájà nílùú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bá ibùsùn ìyá rẹ̀ ni èyí wá, ó ní Shue bínú torí òun kò se ẹran sí oúnjẹ alẹ́, ó sì ṣẹ́ òun lọ́rùn.

Mary Jane kò wá babaláwo, kò di ọ̀bẹ mọ́ra. Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ló gbà lọ, John Preston ní ìlú Lewisburg. Wákàtí púpọ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kọ́là àti ìborùn ló wọ ọkùnrin yẹn létí ju ọ̀rọ̀ òkú lọ. Ó rán èèyàn lọ bi àwọn aládùúgbò léèrè, ó bi dókítà, dókítà sì jẹ́wọ́ pé òun kò yẹ òkú wò tán. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, wọ́n hú òkú Zona. Inú ilé ìwé kékeré kan ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, Shue fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọrùn ti ṣẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun ti fọ́. Ojú ìka ọwọ́ hàn lára ọ̀fun rẹ̀.

Wọ́n mú Shue. Ìgbà náà ni wọ́n wá gbọ́ pé Zona ni ìyàwó rẹ̀ kẹta: èkíní kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìkà, èkejì kú kí ọdún kan tó pé. Nínú àtìmọ́lé, ó ń fọ́nnu pé méje lòun fẹ́ fẹ́ láyé.

Ní oṣù kẹfà, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Preston kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ òkú rárá. Agbẹjọ́rò Shue ló mú un jáde, ó fẹ́ kí ìyá náà dà bí wèrè lójú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ó ní ṣé àlá kọ́? Mary Jane ní àlá kọ́, ojú òun là kedere. Ó ní òun tilẹ̀ fi ìgúnpá gbé ara sókè láti wò bóyá òkú máa ń wá pẹ̀lú pósí, òun kò rí pósí. Ó ka oúnjẹ tí Zona ní òun tọ́jú lálẹ́ ọjọ́ yẹn: bọ́tà, èso ápù, àti jámù oríṣi mẹ́ta. Ó ní ọmọ òun ṣàpèjúwe àyíká ilé tí òun kò dé rí, òun sì lọ síbẹ̀ lọ wò ó, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Agbẹjọ́rò yí ìbéèrè síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ìyá kò yẹ̀.

Kò ju wákàtí kan lọ púpọ̀ tí àwọn ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ fi padà dé: Shue jẹ̀bi ìpànìyàn. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Oṣù kẹta ọdún 1900 ló kú sínú ẹ̀wọ̀n Moundsville. Mary Jane lo ọdún 16 sí i lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tó sọ títí ó fi kú.

Ìjọba West Virginia ri pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí ẹjọ́ mìíràn tí a mọ̀ tí ẹ̀rí òkú ti bá wọn dá apànìyàn lẹ́bi. Orúkọ Zona wà lára pátákó yẹn, ti ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìyá kò sí níbẹ̀, “ìyá rẹ̀” nìkan ni wọ́n kọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ lálẹ́ yìí, bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí fún ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ obìnrin náà: Mary Jane Heaster.