Kí Ni Ènìyàn Wá Ṣe Láyé? Àgbéyẹ̀wò Èrò Nípa Ìtumọ̀ àti Ète Ìgbésí Ayé ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáàrà

Ìbéèrè nípa ohun tí ènìyàn wá ṣe láyé kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò nìkan. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa béèrè rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà náà a máa béèrè rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ìdáhùn Yorùbá sí ìbéèrè yìí ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sórí àyànmọ́. Wọn kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ kò kárí gbogbo Yorùbá, nítorí pé Yorùbá tí ó ń kírun àti Yorùbá tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìdáhùn tiwọn.

Ìsàlẹ̀ Èkó dára púpọ̀ fún irú àgbéyẹ̀wò báyìí. Òun ni àdúgbò tí ó lọ́jọ́ lórí jù ní erékùṣù Èkó, ó sì yí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ká. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ ìlú náà kí àwọn òyìnbó tó fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Sàró tí ó ti Sàró dé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Onígbàgbọ́, tẹ̀dó sí Olówógbowó, tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Nítorí náà, kò ṣòro láti rí agbolé kan níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ìyá kan náà ti jẹ́ Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé ni àwọn èrò wọ̀nyí ti ń pàdé. Ìdí àwo oúnjẹ kan náà ni.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn èrò náà ní kí ènìyàn ṣe láyé ni ó yà wọ́n nípá jù. Ohun tí ó yà wọ́n nípá ni ẹni tí wọ́n gbà pé yóò ṣírò iṣẹ́ náà nígbà tí ọjà ayé bá tú.

Èrò Ifá: Orí, Ẹsẹ̀ àti Ìwà

Ní ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ènìyàn kò ṣàdédé wá sáyé. Bólájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, ṣe àlàyé orúkọ mẹ́ta tí Yorùbá ń pe ìpín ẹ̀dá: àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ yàn fúnra rẹ̀, àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí ó kúnlẹ̀ gbà, àyànmọ́ ni ohun tí a yàn mọ́ ọn. Ète ìgbésí ayé, bí a bá fi ojú yìí wò ó, ni kí ẹ̀dá mú ohun tí ó yàn ṣẹ. Ìdí nìyí tí àwọn òbí fi máa ń ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí ó bá a wá.

Ṣùgbọ́n èrò yìí ní ìṣòro nínú. Ìtàn Ifá sọ pé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run, ni ẹ̀dá ti ń yan orí, àti pé orí tí ó fọ́ àti orí tí ó pé kò yàtọ̀ lójú ẹni tí ó ń yàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe lè yin ẹni tí ó rí tajé ṣe, tàbí kí a bá ẹni tí kò rí ṣe wí? Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin gbé irú ìbéèrè yìí yẹ̀wò nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1991. Wándé Abímbọ́lá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1970, tọ́ka sí ohun méjì tí Ifá fi ti orí lẹ́yìn. Èkíní ni ẹsẹ̀, èyí tí ó dúró fún akitiyan ẹ̀dá; orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Èkejì ni ìwà. Owó, ọmọ àti àìkú ni ire tí babaláwo máa ń tọrọ fún aráyé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní gbogbo rẹ̀ tí kò ní ìwà, ẹlòmíràn ni yóò jogún wọn lójú ayé rẹ̀. Ìwà, kì í ṣe orí, ni ẹ̀dá lè dáhùn fún.

Ta ni ó ń ṣírò? Olódùmarè ni, ṣùgbọ́n àwọn òkú ọ̀run àti àwọn ọmọ tí ó kù lẹ́yìn ń bẹ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ọmọ sin ni Yorùbá kà sí ẹni tí ó bímọ.

Èrò Mùsùlùmí: Ayé Gẹ́gẹ́ bí Ìdánwò

Ìdáhùn Ìsìláàmù ṣe tààrà. Súrà 51 ẹsẹ 56 nínú Àlùkùráánì fi yé ni pé nítorí ìjọsìn ni Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn àti àlùjọ̀nnú. Súrà 67 ẹsẹ 2 sì fi ikú àti ìyè hàn gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, láti mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára jù. Ọrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé orí ẹni dára. Ohun tí a fi ń dán ẹni wò ni. Òṣì náà, ìdánwò ni.

Mohammed Shitta Bey jẹ́ àpẹẹrẹ tí Èkó kò lè gbàgbé. Sàró ni wọ́n ti bí i, òwò ni ó sì fi là ní Èkó àti lẹ́bàá odò Ọya. Ó fi owó rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Ìgbà náà ni Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ní ọdún 1895, ó kú. Lójú ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ gbè é ni. Lójú Mùsùlùmí, ẹni tí a fi owó dán wò tí ó sì gbìyànjú láti yege ni. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Ẹ̀kọ́ yìí hàn jù níbi ìsìnkú. Aṣọ funfun ni a fi ń di òkú Mùsùlùmí, ti olówó àti ti tálákà bákan náà. Òtítọ́ ni pé fìdáù ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì ọjọ́ ti di ayẹyẹ ńlá ní Èkó, àwọn aáfà kan sì ń bá a wí pé kò bá ìlànà mu. Àríyànjiyàn náà kì í ṣe lórí oúnjẹ. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni bóyá aráyé ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ìṣírò tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan.

Èrò Onígbàgbọ́: Ìpè àti Iṣẹ́ Ìríjú

Àwọn ìjọ tí ó wà ní erékùṣù Èkó kọ́ ni pé ènìyàn wà láyé láti mọ Ọlọ́run, láti gba ìgbàlà, kí ó sì sin ọmọnìkejì rẹ̀. Òwe tálẹ́ńtì tí ó wà nínú Ìyìn Rere Mátíù orí 25 ni ó bá èrò àwọn oníṣòwò Èkó mu jù: ọ̀gá fi owó sí ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́, ó sì padà wá ṣírò. Ṣùgbọ́n orí kan náà parí sórí ebi, òùngbẹ, àìsàn àti ẹ̀wọ̀n, àti sórí ohun tí a ṣe fún ẹni tí ó kéré jù.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ni a lè fi wé Shitta Bey. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ẹni tí wọ́n tà ní ọjà ẹrú ni ó di aṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Onígbàgbọ́ a pe èyí ní ìpè. Babaláwo a pè é ní orí.

Èrò Ẹni Tí Kò Gba Ọlọ́run Gbọ́

Kì í ṣe ẹlẹ́sìn nìkan ni ó ní ìdáhùn. Tai Solarin (1922–1994), ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kéde ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Èrò rẹ̀ wọ Èkó nípasẹ̀ ìwé ìròyìn Daily Times, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òpópónà Kákáwà. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ àròkọ rẹ̀ tí ó lókìkí jade ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 1964, nínú èyí tí ó fi ọ̀nà líle dípò ọ̀nà ìdẹ̀rùn kí àwọn òǹkàwé kú ọdún tuntun. Lójú rẹ̀, kò sí orí tí a yàn, kò sí ọjọ́ ìdájọ́. Ìlàkàkà ẹ̀dá àti ìwúlò rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni ó fún ayé ní ìtumọ̀. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ Mayflower, tí ó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé iṣẹ́ tí Solarin ní kí ènìyàn ṣe kò jìnnà sí ẹsẹ̀ àti ìwà tí Ifá ń sọ, tàbí sí iṣẹ́ rere tí Àlùkùráánì àti Bíbélì pa láṣẹ. Adájọ́ nìkan ni ó mú kúrò lórí àga.

Ẹ̀yọ̀ àti Ìdájọ́ Aráyé

Bí iṣẹ́ kò bá yàtọ̀ púpọ̀, tí adájọ́ sì yàtọ̀, ǹjẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ní ilé ẹjọ́ kan tí gbogbo wọn ti ń pàdé? Ó ní. Adámú Òrìṣà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ẹ̀yọ̀, ni. Kì í ṣe ọdún tí ó ní ọjọ́ pàtó. A máa ń gbé e jáde láti fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọba, ìjòyè tàbí ẹni ńlá tí ó ti kú, lẹ́yìn tí ẹbí bá ti tọrọ rẹ̀ tí Ọba Èkó sì fọwọ́ sí i. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ sọ pé ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1854 ni ó kọ́kọ́ jáde ní Èkó, fún Ọba Akítóyè tí ó wàjà ní ọdún 1853. Ní ọdún 2009, ó jáde fún T.O.S. Benson, agbẹjọ́rò àti òṣèlú tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń bẹ nínú àwọn tí ó ń wọ agbádá funfun, tí wọ́n ń dé akẹtẹ̀, tí wọ́n sì ń mú ọ̀pámbàtà dání. Lọ́jọ́ náà, ìlú ni ó ń sọ pé ayé ẹni yìí kò já sásán.

Àmọ́ ìdájọ́ yìí ní àléébù mẹ́ta. Èkíní, aráyé kì í fi ohùn kan dájọ́. Nígbà tí Akítóyè wàjà, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́; ẹni tí apá kan ń ṣe ẹ̀yẹ fún ni apá kejì ka sí ẹni tí ó fi òyìnbó lé wọn kúrò nílé. Èkejì, ẹ̀yẹ náà kò kan gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó ti igbá ọjà ní Ẹbúté Èrò, tí ó fi èrè kékeré tọ́ ọmọ yanjú, kò sí Ẹ̀yọ̀ tí yóò jáde fún un. Bí ìrántí ìlú bá jẹ́ ète ayé, a jẹ́ pé púpọ̀ nínú aráyé gbé ilé ayé lásán.

Ẹ̀kẹta, ìrántí gan-an a máa parẹ́. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni a sin Crowther àti ọ̀pọ̀ ẹni ńlá Èkó sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba tú itẹ́ náà ká. Àwọn àtọmọdọ́mọ Crowther rí i pé a gbé ìyókù rẹ̀ lọ sí Kàtídírà tí ó wà ní Màrínà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibojì mìíràn ni ó pòórá. Òkúta tí a gbẹ́ orúkọ sí lára kò lè gba ara rẹ̀ là.

Ìgúnlẹ̀

Ibi tí ìdájọ́ aráyé kù sí ni àǹfààní àwọn èrò yòókù ti hàn. Níwájú Ifá, obìnrin Ẹbúté Èrò náà yan orí, ó sì lo ẹsẹ̀. Bí ó bá ní ìwà, ó ti ṣe ohun tí ó bá wá. Níwájú Ìsìláàmù, aṣọ funfun rẹ̀ àti ti olówó kò yàtọ̀. Níwájú Onígbàgbọ́, òun ni opó tí ẹyọ owó kékeré méjì rẹ̀ ju ẹ̀bùn àwọn ọlọ́rọ̀ lọ. Solarin yóò sọ pé ọmọ tí ó tọ́ ti tó o ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn Solarin nìkan ni kò ní ohun tí ó lè sọ bí ọmọ náà bá ṣáájú ìyá kú, tí kò sì sí ẹni tí ó kù láti jẹ́rìí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ adájọ́ ti kúrò ní àríyànjiyàn lásán.

Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé ẹ̀sìn mẹ́ta tí ó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó dàpọ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ wọn kò fi já mọ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ̀nà láti sọ pé wọn kò ní ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ni ó pa wọ́n pọ̀. Ìṣírò ni ó yà wọ́n. Ní ti ẹ̀yẹ tí aráyé ń ṣe, ì báà ṣe Ẹ̀yọ̀, ì báà ṣe fìdáù, ì báà ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rí ni ó jẹ́, kì í ṣe ète. Ayé ni ọjà. Ẹni tí ó bá ná ọjà náà tọkàntọkàn ti ná an, bí àwọn tí ó kù lọ́jà tilẹ̀ gbàgbé orúkọ rẹ̀ kí ó tó délé.