Nígbà Tí Ọmọ Bá Ń Hu Eyín, Tí Kò Fẹ́ Fi Ìyá Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọmọ tí ó ti ń rìn gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, láti bí ọmọ ọdún kan títí dé ọdún méjì àbọ̀. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lánàá ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá. Lónìí, bí ìyá rẹ̀ bá dìde láti lọ bu omi, ó ti di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń ké. Bí a bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ara lu ilẹ̀, yóò máa da ẹsẹ̀ nù títí àwọn ará ilé yóò fi jáde wá wò ó. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ti ìka bọ ẹnu, kò sì fẹ́ jẹun. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò sọ pé: “Eyín ni.”

Ó lè jẹ́ eyín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yìí, “eyín ni”, ti ṣe ikú pa ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí pé bí a bá ti sọ ọ́ tán, a kì í wo ọmọ náà mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí eyín lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20, 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, méjì iwájú ti ìsàlẹ̀ ni ó sì máa ń ṣáájú. Ti ọmọ mìíràn a tètè yọ, ti òmíràn a pẹ́ tó ọdún kan. Bí ti òkè bá ṣáájú ti ìsàlẹ̀, kì í ṣe èèmọ̀, kì í ṣe àjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Àwọn eyín tí ó ń fún ọmọ tí ń rìn ní wàhálà ni eyín ńlá ẹ̀yìn, nítorí pé orí wọn fẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń yọ láàárín oṣù 13 sí 19. Eyín ṣóńṣó tẹ̀ lé e láàárín oṣù 16 sí 22. Ti ẹ̀yìn pátápátá ń yọ láàárín oṣù 23 sí 33. Ẹ rí i pé ọmọ ọdún kan àbọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìsinmi.

Ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan ní kí àwọn òbí ọmọ 125 máa kọ ohun tí wọ́n bá rí lára ọmọ wọn lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ìwé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2000. Wọ́n rí i pé ọjọ́ 8 péré ni eyín kan fi ń da ọmọ láàmú: ọjọ́ 4 kí ó tó yọ, ọjọ́ tí ó yọ gan-an, àti ọjọ́ 3 lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, itọ́ a máa dà, ọmọ a máa gé nǹkan jẹ, a máa fọwọ́ ra erìgì, ìyẹn ẹran ìdí eyín. Ó lè máa kanra, kí oorun rẹ̀ máa já, kí ó má fẹ́ oúnjẹ líle, kí ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀. Wọn kò rí i pé eyín ń fa ikọ́, èébì tàbí ara gbígbóná janjan. Àwọn mìíràn ní Brazil lọ wo ọmọ 47 fún oṣù 8. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2011, wọ́n ní ara ọmọ ń gbóná díẹ̀ ní ọjọ́ tí eyín bá yọ, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí a lè pè é ní ibà. Ìgbẹ́ ọmọ mìíràn lè rọ̀ díẹ̀ nígbà eyín. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìgbẹ́ tí ó dà bí omi, tí ọmọ ń yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ tí ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú.

Ẹ ó béèrè pé: kí ló dé tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru fi máa ń bá eyín rìn? Nígbà tí ọmọ wà nínú, ìyá rẹ̀ ti fún un ní agbára kan láti bá àìsàn jà. Agbára yìí a máa dínkù bí ọmọ bá ń súnmọ́ oṣù mẹ́fà, ìgbà yẹn gan-an sì ni eyín bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni ó ń rákò, tí ó ń fi iyanrìn, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo iṣu sẹ́nu. Ìgbà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀kọ mímu àti omi inú àmù. Eyín wulẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí àìsàn wọlé ni. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú ilẹ̀ mọ́.

Bí tẹmómítà bá fi hàn pé ara ọmọ dé 38, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná janjan nígbà tí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ibà ẹ̀fọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò ní agbègbè wa, kì í ṣe eyín. Ní ilé ìwòsàn wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka rẹ̀, láàárín bí ìṣẹ́jú 20 wọn yóò sì mọ̀. Bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu ọyàn, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí a fún un, tàbí tí ó sùn tí a kò lè jí i, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e lọ sí Tchamba tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Sokodé, ẹ má kọ́kọ́ padà sílé lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ẹ gba oògùn olómi tí a ń pò, èyí tí wọ́n ń pè ní SRO, àti zinc, ní ilé ìwòsàn. Kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lè pò ó nílé: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré, kí a fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgò ńlá tí a ń rà lọ́jà gba lítà 1 àbọ̀, wọn kì í ṣe lítà 1. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ máa fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ oògùn eyín. Ní Nàìjíríà, ní ìparí ọdún 2008, àwọn ìyá ra oògùn olómi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin fún ọmọ wọn. Oògùn fún ọmọ tí ń hu eyín ni. Wọn kò mọ̀ pé májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n mu ún kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọmọ 84 ni ó sì kú. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí ó kàn ń sunkún eyín, tí ara rẹ̀ ì bá balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní Gambia ní 2022, irú májèlé bẹ́ẹ̀ wà nínú oògùn ikọ́, nǹkan bí ọmọ 70 ni ó bá a lọ. Inú ìgò tí ó dára, tí ó ní bébà mèremère lára, ni májèlé wọ̀nyí wà. Nítorí náà, oògùn tí wọ́n tò sórí tábìlì lọ́jà tàbí tí wọ́n ń gbé kiri lórí kẹ̀kẹ́, ẹ má rà á fún ọmọ. Bí ìrora bá pọ̀, kí olùtọ́jú ní ilé ìwòsàn wọn ọmọ, kí ó sì sọ iye paracetamol tí ó tọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀. Ìpara tí ń mú erìgì kú tipiri, èyí tí benzocaine wà nínú rẹ̀, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Sódábì pẹ̀lú kò yẹ ẹnu ọmọ rárá, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó sọ pé òun fi tọ́ ọmọ mẹ́wàá.

Ohun tí ó ń ran erìgì lọ́wọ́ kò wọ́nwó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka rọra tẹ ibi tí ó wú. Ẹ rẹ aṣọ funfun mímọ́ sínú omi mímọ́ tútù, kí ẹ fún un, kí ó máa gé e jẹ lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ rẹ̀ tutù kí ẹ tó fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí a so nítorí eyín, ẹ tú u bí ọmọ bá fẹ́ sùn, nítorí pé okùn lè fún un lọ́rùn, ẹyọ kan sì lè já kí ó gbé e mì.

Ó ku ẹkún àti ìlẹ̀mọ́yá, èyí tí ó ń mú kí ìyá fẹ́ sá kúrò nílé. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju èyí tí ó lè sọ lọ. Ó mọ ohun tí ó fẹ́, ẹnu rẹ̀ kò lè gbé e jáde, erìgì ń ro ó, oorun ń kùn ún. Ilẹ̀ ni ó fi ara lù. Kò ṣe é láti dójú tì yín níwájú àwọn oníbàárà yín. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ẹ gbé e kúrò nídìí iná tàbí ojú ọ̀nà, ẹ jókòó tì í, ẹ má pariwo. Ẹ bá a sọ ohun tí kò lè sọ: “O fẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ń gé ọwọ́. Gba ṣíbí yìí.” Bí ẹ bá nà án, ẹkún kejì ni ẹ fi lé ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fún un ní ọ̀bẹ náà tàbí bísíkíìtì kí ó lè dákẹ́, yóò mọ̀ lọ́la pé ilẹ̀ ni wọ́n ń yí mọ́ kí bísíkíìtì tó jáde. Lẹ́yìn tí ó bá rọlẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí a bá ń pọ̀n nígbà tí ó bá sunkún yóò bàjẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Ainsworth lọ sí àwọn abúlé kan nítòsí Kampala ní Uganda ní 1954 àti 1955, ó sì ń lọ bẹ ìyá 26 wò nílé wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1967. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ a máa fi ìyá ṣe bí ilé: a kúrò níbẹ̀ lọ wo nǹkan, a padà wá fọwọ́ kàn án, a tún lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á tàbí tí ara ń ro ó, yóò súnmọ́ ilé. Nítorí náà, ẹ má yọ́ lọ. Ìyá tí ó bá fẹ́ lọ sí Tchamba, kí ó sọ fún ọmọ pé òun ń lọ, kí ó fi í lé ẹni tí ó mọ̀ lọ́wọ́, kí ó lọ, kí ó sì padà. Ọmọ yóò ké. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń yọ́ sá fún kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ mọ́, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò tún pòórá. Ẹ̀yin bàbá, ọmọ tí ó bá mọ ẹ̀yìn yín ní ọjọ́ dáadáa ni yóò gbà kí ẹ pọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ẹkún.

Àṣà kan wà ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo fẹ́ kí ẹ tún rò. Oyún mìíràn dé, a fẹ́ gba ọyàn lẹ́nu ọmọ, a gbé e láti Kambolé lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Sokodé. Ó pàdánù ọyàn, ó pàdánù ìyá, eyín ńlá sì ń yọ, gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má kó o pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ó mu ọyàn pé ọdún 2, kí ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀, kí ìyá àgbà sì kọ́kọ́ wá gbé lọ́dọ̀ yín fún ìgbà díẹ̀ kí ọmọ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ju ẹkún lásán lọ. Ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé ní 1933 nípa àìsàn kan tí ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1935 ó pè é ní orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é, kwashiorkor, wọ́n sì sọ fún un pé àìsàn ọmọ tí àbúrò lé kúrò ní àyè rẹ̀ ni. Ọmọ náà a máa kanra, a máa ké bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í fẹ́ jẹun. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tún sọ pé eyín ni. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka 1, 2, 3, kí ẹ tó gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò padà, tàbí tí irun rẹ̀ ti ń pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí a gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀ kò lè gbé ara lé ẹ̀kọ lásán. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà mọ́ ọn, kí ẹ fún un ní ẹ̀wà tí a gún, ẹyin, tàbí ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà àti ọjọ́ kọ, ẹ mú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọmọ náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí eyín kọ̀ọ̀kan yọ, ọjọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, iye ìgbà tí ó yàgbẹ́ gbuuru, àti orúkọ oògùn tí ó mu. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú un dání pẹ̀lú ìwé ìlera ọmọ, kí ẹ sì fi han olùtọ́jú kí ó tó béèrè.