Yíyẹ Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà Wò

Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí Yorùbá mi bá mẹ́hẹ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni kernel fóònù Android wa, ìyẹn ọkàn tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Òun náà ló wà nínú laptop mi. Ibi tí a ti lè tún kernel yìí tò pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ, púpọ̀ sì kan ààbò. Ẹ wo dmesg_restrict: bó bá wà ní 0, ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ẹ̀rọ náà lè ka àkọsílẹ̀ kernel, kí olè sì rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀.

Ta ni yóò fojú yẹ gbogbo rẹ̀ wò? Ní 2018, Alexander Popov gbé ètò kan jáde tí a mọ̀ sí kernel-hardening-checker lónìí. Ó ń fi ààtò kernel wé àbá àwọn onímọ̀ ààbò, ó sì ń kọ OK tàbí FAIL síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í tún nǹkan kan ṣe o.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. FAIL tí mo rí pọ̀ débi pé àyà mi já. Mo sáré fi modules_disabled sí 1. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi gbé flash wá. Laptop mi kò dá a mọ̀! Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yà tí kernel fi ń ka flash. Ó di ìgbà tí mo pa ẹ̀rọ tí mo tún tan án. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò kọ ọ́ sínú fáìlì tó máa ń kà nígbà tó bá ń jí.

Mo fi dmesg_restrict sílẹ̀ ní 1 ní tirẹ̀. Kò tíì dí mi lọ́wọ́.