Bí ẹ ṣe lè fi crochet hun aṣọ ìgbékòkò Kérésì tí kò ní jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tó ń ka èyí lórí fóònù nítorí pé dátà ò tó, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. A ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá ń hun tiyín lọ.

Kérésì ti ń kanlẹ̀kùn, owó ẹ̀bùn ò sì pọ̀ lápò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ́ yín ní ohun kan tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe: aṣọ ìgbékòkò. Mò ń sọ nípa aṣọ nínípọn tí a fi ń di etí ìkòkò mú tí a bá fẹ́ sọ ọ́ kúrò lórí iná. Nílé ọ̀pọ̀ wa, àkísà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tàbí ìdí ìró ẹni tó ń dáná. Ẹ wá fojú inú wo pupa, funfun àti àwọ̀ ewé tó gbé kọ́ sí ara ògiri ilé ìdáná lọ́jọ́ Kérésì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan, nítorí òun ló fa ètò òní.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ mọ crochet ṣe, mo hun aṣọ ìgbékòkò méjì fún màmá mi. Ó rẹwà! Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí status, gbogbo èèyàn ń kí mi. Lọ́jọ́ Kérésì, igi la fi dáná ìrẹsì lẹ́yìnkùlé. Màmá mi mú aṣọ tuntun náà, wọ́n fi di etí ìkòkò irin mú, wọ́n gbé e. Wọn ò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi kígbe. Wọ́n sáré gbé ìkòkò kalẹ̀. Aṣọ náà ti yọ́. Ó lẹ̀ mọ́ etí ìkòkò bí ọ̀rá tó jóná, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìka wọn. Ìrẹsì ò dànù, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìka méjì wó léròrò. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n àkísà mi ò ṣe báyìí sí mi rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ò burú. Ojú rẹ̀ dọ́gba, etí rẹ̀ gún. Ohun tí mo fi hun ún ni kò yẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: òwú gidi ni kí ẹ fi hun aṣọ ìgbékòkò, kó sì nípọn ní ìlọ́po méjì.

Wúùlù ọjà kì í ṣe òwú

Ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Acrylic ni. Kẹ́míkà tó wá láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe é, mọ̀lẹ́bí ike àti ọ̀rá ni. Ó dára fún fìlà, ó dára fún súwẹ́tà ọmọ, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n tí iná bá mú un, rírọ̀ ló máa rọ̀, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kàn. Polyester náà ń yọ́ bẹ́ẹ̀.

Òwú tó hù lóko, tí àwọn òyìnbó ń pè ní cotton, kì í yọ́. Bí ahọ́n iná bá kàn án, ó lè jó, ṣùgbọ́n kò ní di oje gbígbóná sí yín lọ́wọ́. Tó bá sì nípọn, ooru ò ní tètè là á kọjá.

Ìgbà tí mo padà lọ sọ́jà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, cotton ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ acrylic." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wúùlù ni gbogbo ẹ̀. Mú èyí tó bá wù ẹ́." Wọn ò purọ́ fún mi. Orúkọ tí ọjà mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Àwa la máa yẹ ìwé ara rẹ̀ wò. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni "100% cotton." Tí ẹ bá rí "blend," òwú àti nǹkan mìíràn ni wọ́n pò pọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Tí kò bá sí ìwé lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gé ìwọ̀n ìka kan nínú rẹ̀. Ẹ fi irin tí a fi ń yí ẹran dì í mú, ẹ má fi ọwọ́ lásán, kí abọ́ omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ṣáná sí i. Òwú máa jó kíákíá, á rùn bíi bébà tó jóná, á sì di eérú tó fẹ́lẹ́. Acrylic máa sún kì, á yọ́, á rùn bíi ike, lẹ́yìn tó bá tutù ẹ máa rí kókó dúdú líle kan. Irun àgùntàn gidi máa rùn bí irun orí tó jóná. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìdánwò yìí gbà, ì bá sì ti gba ìka màmá mi là.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá òwú cotton tí kò tín-ín-rín jù, gíráàmù 50 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Ó máa tó aṣọ méjì, nítorí ẹni tó ń gbé ìkòkò ní ọwọ́ méjì. Ẹ ra ìkọ́ crochet kan, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní crochet pin, mìlímítà 4. Ẹ tún wá sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ ńlá tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ó tán.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ òwú pupa náà díẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Tí aṣọ funfun bá pọ́n, aró rẹ̀ máa ṣàn sára funfun yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ojú méjì péré lẹ máa kọ́

Ojú àkọ́kọ́ ni chain, ẹ̀wọ̀n. Ẹ ta kókó kan tó ṣeé fà sára ìkọ́. Ẹ fi òwú kọ́ ìkọ́, ẹ fà á gba inú ojú tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ẹ̀wọ̀n kan nìyẹn. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má fà á le jù.

Ojú kejì ni single crochet. Ẹ ki ìkọ́ bọ inú ojú kan, ẹ fi òwú kọ́ ọ, ẹ fà á jáde. Ojú méjì ló máa wà lórí ìkọ́ báyìí. Ẹ tún fi òwú kọ́ ọ, ẹ fà á gba inú méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó parí.

Ẹ dákun, ibi tí YouTube ti ń da orí èèyàn rú rèé o. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, òun gan-an ni àwọn ará Bírítéènì ń pè ní double crochet. Double crochet ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá, ó ga, ihò rẹ̀ sì ń là. Tí ẹ bá ṣèèṣì lo ojú tó là yẹn, ooru á gba ibẹ̀ bá ìka yín. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀lé fídíò kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá US tàbí UK ni wọ́n kọ sí i. Orúkọ tí Amẹ́ríkà ni mò ń lò níbí.

Ẹ hun ún, ẹ ká a, ẹ rán an

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé àpò lẹ máa hun. Tí ẹ bá ká àpò náà, á di igun mẹ́rin tó nípọn ní ìlọ́po méjì fúnra rẹ̀.

1. Ẹ fi òwú pupa ṣe ẹ̀wọ̀n 41. Á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 26, ó lè dín tàbí kó lé díẹ̀.

2. Ẹ fo ẹ̀wọ̀n tó sún mọ́ ìkọ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì, ẹ ṣe single crochet kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìparí. Ìdajì òkè ẹ̀wọ̀n nìkan ni kí ẹ máa ki ìkọ́ bọ̀. Ojú 40 lẹ máa ní.

3. Ẹ má yí iṣẹ́ padà. Ẹ gba orí ẹ̀wọ̀n náà yí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣe ojú 40 mìíràn sí ìdajì tí ẹ fi sílẹ̀. Ó di 80.

4. Ẹ ti padà dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lọ ní yíyípo, ojú kan sínú ojú kan, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò. Láti ìsinsìnyí lọ, abẹ́ okùn méjèèjì tó wà lórí ojú ni kí ẹ máa gbà. Ẹ ki òwú kékeré aláwọ̀ mìíràn sí ojú àkọ́kọ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ ṣe ìyípo 4 ní pupa, 2 ní funfun, 4 ní àwọ̀ ewé, 2 ní funfun, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa. Láti pààrọ̀ àwọ̀, ẹ dúró nígbà tí ojú méjì bá ṣì wà lórí ìkọ́, ẹ fi òwú tuntun fà á gba inú wọn.

6. Tí ẹ bá ti ṣe tó ìyípo 20, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ẹ tẹ́ àpò náà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹ di igun ẹnu ti òsì àti ti ọ̀tún mú, ẹ ká wọn wá pàdé ara wọn ní àárín, bíi ìgbà tí a ń ká àpò lẹ́tà. Tí etí méjèèjì bá pàdé láìfà á, tó sì di igun mẹ́rin, ó ti tó. Tí àlàfo bá ṣì wà, ẹ fi ìyípo kan sí méjì kún un. Ìdí ni pé gíga àpò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì ìbú rẹ̀.

7. Ẹ gé òwú, kí ìrù gígùn kù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pa láti igun kan dé ìkejì. Ní igun tí ẹ bá parí sí, ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 12, ẹ rán an mọ́ ibẹ̀ kó di ohun ìgbékọ́. Ẹ fi gbogbo ìrù òwú tó kù pamọ́ sínú.

Ìhà kọ̀ọ̀kan máa tó sẹ̀ǹtímítà 18, àwọn ìlà àwọ̀ náà á sì gba igun dé igun. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ká tèmi, èmi nìkan ni mo pariwo nínú yàrá.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́

Tí àpò yín bá ń fún mọ́ra bó ṣe ń ga, ẹ ti fo ojú kan níbì kan. Ẹ ka ojú ní ìparí ìyípo kọ̀ọ̀kan: 80, láìdín, láìlé. Tí ẹ bá lè rí ìka yín lódì kejì aṣọ, ẹ hun ún rọ̀ jù. Ẹ lo ìkọ́ mìlímítà 3.5. Tí ìkọ́ ò bá sì wọlé láìjà, ẹ rọra, ọwọ́ yín le jù.

Ẹ má fi bọ́tìnnì ike, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òwú tó ń dán yinrin ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé Kérésì ni, ó wù yín kó máa dán. Yíyọ́ ni wọ́n máa yọ́.

Kí ẹ tó dì í ní ẹ̀bùn

Ẹ kọ́kọ́ fi dán ìkòkò tó gbóná wò fúnra yín. Ẹ gbé e fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ máa gbé e kà. Ẹ sì sọ nǹkan méjì fún ẹni tí ẹ bá fún. Àkọ́kọ́, kí ó má lò ó tó bá tutù, torí omi máa ń gbé ooru wọlé kíákíá, ọwọ́ á sì jó. Ìkejì, kí ó má jẹ́ kí etí rẹ̀ ṣẹ́ sórí iná gáàsì.

Tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá sì jó, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi òróró sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Tí nǹkan bá lẹ̀ mọ́ awọ ara, ẹ má fà á, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yọ ọ́.

Ọdún tó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ yẹn, mo tún gbé méjì lọ bá màmá mi. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi kíákíá. Wọ́n ní kí n gbé ìkòkò ìrẹsì sọ̀ fúnra mi kí wọ́n rí i. Mo gbé e, mo rìn láti ibi iná dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà á. Ara ìṣó ilé ìdáná wọn ló ṣì wà dòní, pupa rẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Àkísà sì ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń nu ilẹ̀.

Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ tiyín. A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kú ọdún Kérésì o, ọwọ́ yín ò ní jó.