Òpó Irin Nínú Ilé: Àjà ni kí A Kọ́kọ́ Wò

Ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, ìyá kan tí ó ń gbé ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé sí wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti ra òpó irin gbọọrọ kan, ó sì ń fẹ́ gbé e ró sínú yàrá rẹ̀ láti máa fi ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé “òpó ijó” ni àwọn òyìnbó ń pe nǹkan náà, ojú tì í. Ó sì bi wá léèrè bí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá yẹ ilé ọmọlúwàbí. A dá a lóhùn, ṣùgbọ́n a fi ìbéèrè tiwa kún un, èyí tí òun kò ronú kàn: kí ni òpó náà yóò fi orí tì lókè? Ó dùn wá pé kí ìwé wa tó dé ọwọ́ rẹ̀, àjà ilé ti dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti orúkọ náà, kí á lè fi í sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ní àwọn ọdún 1980, ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà, ilé ọtí níbi tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ṣọ jó fún owó ni a ti mọ òpó yìí jù lọ. Ẹni tí ojú bá tì nítorí èyí kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 wá ni àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ní eré náà fún ìlera ara, títí ó fi di ohun ìdíje tí a ń fún ní máàkì bí ti àwọn tí ń tàkìtì. Ní ọdún 2017, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá àgbáyé, tí a ń pè ní GAISF nígbà náà, gba ẹgbẹ́ eré òpó sí ipò olùwòye. Ní ilẹ̀ Índíà ẹ̀wẹ̀, eré orí òpó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Mallakhamb ni wọ́n ń pè é: malla ni ajìjàkadì, khamb sì ni òpó. Òpó igi ni tiwọn. Wọn a rì í mọ́lẹ̀, wọn a fi òróró lárà pa á, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa lọ́ mọ́ ọn bí ejò. Ní ọdún 2013, ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh sọ ọ́ di eré ìdárayá ìpínlẹ̀ wọn. A kò tíì gbọ́ pé ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ fi gèlè bojú nítorí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òpó àwọn ará Índíà àti èyí tí a ń tà nínú páálí ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó yẹ kí á fi ọkàn sí. Ẹlẹ́mu tí ó fi igbà gun ọ̀pẹ mọ̀ pé gbòǹgbò ọ̀pẹ ń bẹ nínú ilẹ̀. Òpó inú ilé yìí kò ní gbòǹgbò. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní ìṣó tàbí bóòtù kan tí ó kàn wọ́n mọ́ ibì kan. Ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wọn dàbí jáàkì tí àwọn awakọ̀ fi ń gbé ọkọ̀: bí a bá ti ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni òpó ń gùn sí i, tí àwo tí ó wà ní orí rẹ̀ ń ti àjà, tí ìdí rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀. Ìtìmọ́ yìí nìkan ni ó mú un dúró. Bí àjà bá yẹ̀ díẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ìbú èékánná lọ, òpó náà kò yàtọ̀ sí ọmọ odó tí a gbé nàró ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Peckham. Àjà ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe pákó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kọnkéré: ohun funfun kan bí ẹfun ni, tí a tẹ̀ sáàárín bébà méjì, tí a sì kàn mọ́ abẹ́ àwọn igi àjà. Láti igi kan dé èkejì lè tó íǹṣì 16, ó sì lè tó 24, kò sì sí ohun tí ó lè gba ẹrù ní àárín wọn. Àárín yìí ni ọmọbìnrin náà gbé òpó rẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó bọ́ sí agbedeméjì yàrá, ó sì dára lójú. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò mì. Ní ọjọ́ kẹrin, bí ó ti fi orúnkún kọ́ ọ, àwo orí òpó wọ inú àjà lọ, òpó ṣubú, òun náà ṣubú, ó sì fi ọwọ́ lélẹ̀. Egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dá. Nọ́ọ̀sì tí a fi pí-ò-pí di ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi lọ sí ibi iṣẹ́, onílé sì ń béèrè owó àjà rẹ̀. Kò sí tìmùtìmù kankan lábẹ́ òpó náà. Ìbá ṣe pé orí ni ó fi lélẹ̀, ìwé mìíràn ni ìyá rẹ̀ ìbá kọ sí wa.

A rò pé nígbà tí ọwọ́ náà bá jinná, yóò ta òpó rẹ̀. Kò tà á. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ eré náà ni ẹ̀yìn kò ti dun òun mọ́ bí òun bá ti iṣẹ́ dé, pé kì í sì í ṣe òpó ni ó ṣẹ òun. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ ní, bí yóò bá gbé e ró, òun yóò wà níbẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé ní àkókò yìí, wọ́n sì pe káfíńtà. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ìka kan àjà káàkiri: níbi tí ó ṣófo, a dún bí ìlù, níbi tí igi wà, a dún kó. Ó sì so òòfà kékeré kan mọ́ òwú, ó ń wọ́ ọ lọ lábẹ́ àjà, títí ó fi lẹ̀ mọ́ orí àwọn ìṣó tí ó wọ inú igi. Ó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibẹ̀. Láti abẹ́ àmì yìí ni wọ́n ti wọn ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ sí ìhà gbogbo, nítorí ẹsẹ̀ tí a nà jáde lórí òpó a máa gùn ju bí a ti rò lọ. Bẹ́ǹsì kan jáde kúrò nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì sì lọ bá ògiri.

Bí a ti gbé òpó náà ró ni ìyá yìí ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún wa bí ẹni tí ó ti ń ṣe bíríkìlà láti ìgbà èwe. A ká kápẹ́ẹ̀tì, nítorí ohun tí ó bá rọ̀ lábẹ́ òpó yóò máa rì. A gbé irinṣẹ́ olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò ti òpó ní iwájú, lẹ́yìn náà a gbé e tì í ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ohun tí ó dúró ṣánṣán ní ojú kan lè dagun ní ojú kejì. A yí ìdí rẹ̀ títí tí kò yí mọ́, a fún bóòtù tí ń dè é, káfíńtà sì fi èjìká tì í pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò mì. Tìmùtìmù nípọn kan yí ìdí rẹ̀ ká nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí á gbàgbé: igi àjà a máa wú, a sì máa súnkì, bí ooru àti òtútù bá ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, nítorí náà a ní láti máa tì í wò kí á tó gùn ún nígbà gbogbo.

Ẹni tí kò tíì rà á, kí ó wọn gíga yàrá rẹ̀ kí ó tó mú owó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn òpó wọ̀nyí ni a ṣe fún àjà tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀ dé 9. Àwọn ilé àtijọ́ a máa ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a sì fẹ́ àsomọ́. Ní ti ìnípọn, mílímítà 45 ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni a ń lò níbi ìdíje. Ti 50 ń bẹ, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò gùn. Ti 40 ń bẹ fún ọwọ́ kékeré. Kúróòmù ni a fi bo ọ̀pọ̀ wọn. Idẹ dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn, bí ó tilẹ̀ ń fi òórùn sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú etí rẹ̀ yún, irin tí kì í dípẹtà ni kí ó rà. Àwọn òpó kan ń yí, àwọn kan dúró gbọnin, àwọn mìíràn sì ń ṣe méjèèjì. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi í sí ìdúró. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni àwọn òpó ìṣeré tí a ń tà ní ẹ̀dínwó, tí a kọ ọ́ sára páálí wọn ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé kì í ṣe fún gbígbé ara ènìyàn. Òpó ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọkọ ẹlòmíràn di opó.

Ohun tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í pẹ́ dé Ìbàdàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kedere: àjà ilé onílẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ti pí-ò-pí, ìbáà ṣe ti oníke, kò lè gba òpó yìí. Ara igi tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ páànù ni a so ó rọ̀ sí. Bí òpó bá tì í, yóò kàn gbé e sókè ni. Àjà asbẹ́stọ́ọ̀sì ti àwọn ilé àtijọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ó bá fọ́, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn náà a sì máa fara hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí dẹ́kìn kọnkéré sì wà lórí rẹ̀ ní ìhòòhò, òun ni ó lè gbìyànjú; kí ó sì rántí fáànù tí ń yí lókè. Fún àwọn yòókù, òpó onípèpéle ń bẹ, tí ó dúró lórí ìdí tirẹ̀ láìfi ara kan àjà.

Ní ti aṣọ péńpé tí ó ń dun àwọn àgbà, awọ ara ni ó ń di irin mú; ẹni tí ó bá wọ ṣòkòtò gígùn yóò yọ̀ wálẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ṣe é tì. Kí a má ṣe fi òrí tàbí àdí pa ara ní ọjọ́ náà, kí a bọ́ òrùka, kí a fi sípíríìtì nu òpó. Aboyún kò gbọdọ̀ gùn ún láìjẹ́ pé dókítà gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi orí sísàlẹ̀ láìsí olùkọ́ nítòsí. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ fi rọ̀. Ẹ ti yàrá náà.

Ìyá náà tún kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní òun ni òun ń ti òpó náà wò láràárọ̀ kí ọmọ òun tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá sì ti dì í mú, òun a máa bẹ̀rẹ̀, òun a sì máa dìde, nígbà mẹ́wàá, nítorí eékún òun. Ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun nínú ìwé ìròyìn yìí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òun.